Omi Tó Ń Sun Nínú Orí Ọkọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta, 2025

Èmi kò kàwé. Àjọkẹ́ ló ń kọ ọ́. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa níbí, ní Òkè-Àfà. Mo ti kìlọ̀ fún un: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má tún un ṣe, kó má kà á sí ẹnikẹ́ni létí. Ó ní òun gbọ́. A ó máa wò ó.

Dókítà ló ní ká máa kọ nǹkan sílẹ̀. A ti ilé ìwòsàn dé lọ́sàn-án yìí, èmi àti Ayọ̀kúnmi ọmọ mi, àti Bólúwatifẹ́ ọmọ tirẹ̀. Oṣù márùn-ún ni ọmọ náà. Èmi kì í pe orúkọ ẹ̀. Ọkọ mi ni mò ń pè é, torí ojú bàbá Ayọ̀kúnmi tó ti kú ló gbé wáyé, títí kan bó ṣe ń fajú ro tí oúnjẹ bá pẹ́.

Ògúnjìmí ni wọ́n ń pe dókítà náà. Ó tínrín, ó ga. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo sọ ọ́. Ó wọn orí ọmọ, ó fọwọ́ tẹ àwùjẹ̀ rẹ̀, ó gbé fọ́tò orí náà síwájú iná, ó wò ó títí. Ó ní, "Omi ló kún orí ọmọ yìí, Màmá." Ó ní iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n á ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́ lórí tí omi náà á máa gbà jáde. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí ni wọ́n fún wa. Kó tó dìgbà náà, ká máa ṣọ́ ọ, ká máa kọ ọ́: ṣé ó bì, ṣé oorun ẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣé ojú ẹ̀ ń yí sísàlẹ̀.

Ayọ̀kúnmi sunkún láti ibẹ̀ dé Ìyànà Ìsọlọ̀. Èmi kò sunkún. Mò ń ro nǹkan kan.

Kọ èyí náà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ran fìlà ọmọdé tí mò ń tà ní ọjà Aswani ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àtẹ́lẹwọ́ mi mọ orí ọmọ. Ti ìsọmọlórúkọ, ti oṣù mẹ́ta, ti ọdún kan — kí ìyá ọmọ tó lanu, mo ti mọ èyí tí n ó mú fún un. Ọkọ mi pé oṣù mẹ́ta, fìlà ọmọ oṣù mẹ́fà kò wọ̀ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní orí ìdílé bàbá ẹ̀ ni, àwọn tí wọn kì í ra fìlà lọ́jà, tí wọ́n máa ń da apẹ̀rẹ̀ borí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi tó yẹ kí n mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Fìlà ọmọ ọdún méjì ló bá a mu lónìí. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Ohun tí mò ń rò nìyí.

Ilé ìgbẹ̀bí sọ fún Ayọ̀kúnmi pé ọmú nìkan, oṣù mẹ́fà gbáko, omi kò gbọ́dọ̀ kan ọmọ lẹ́nu. Wọ́n tiẹ̀ lẹ àwòrán ẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ní mo gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ mẹ́rin ni èmi rọ lómi, wọ́n yè. Ìgbà tí Ọkọ mi pé oṣù mẹ́ta ni Ayọ̀kúnmi padà sẹ́nu iṣẹ́, ní ilé epo ní Apákun, tó fi ọmọ tì mí. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mò ń fi ọwọ́ bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i lẹ́nu lẹ́yìn ìwẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Oṣù mẹ́ta ló pé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lómi. Oṣù mẹ́ta ló pé tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ṣé ó tún kù síbì kan ni? Ẹ̀yìn ló ń dùbúlẹ̀ sí. Mò ń bu omi sílẹ̀, omi ń ṣàn lọ sí ìpàkọ́. Èmi ni mo pọn omi kún orí ọmọ ọlọ́mọ.

Nítorí náà mo ti dáwọ́ omi dúró. Ṣùgbọ́n ọmú náà, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ayọ̀kúnmi máa ń fún ọmú sínú ìgò fídà mẹ́ta kó tó jáde. Lónìí mo fún un ní ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo da ìyókù sí gọ́tà. Ó ké. Mo pọ̀n ọ́n títí ó fi sùn.

Àjọkẹ́ dá bírò dúró. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ bi dókítà?" Mo ní ṣé dókítà ló fún un lómi ni. Mo ní kó máa kọ̀wé.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

Kò bì lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹta

Àwùjẹ̀ ti rọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, bí ẹ̀yìn ṣíbí ló rí, ó le, ó yọ síta. Lówùúrọ̀ yìí ìka mi kàn án, ó tẹ̀. Mo tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta kó má jẹ́ pé mò ń tan ara mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo dúpẹ́. Omi ń fà.

Ìgbà tí Ayọ̀kúnmi dé, mo mú ìka ẹ̀ gbé e síbẹ̀. Ó fọwọ́ lé e pẹ́. Ó ní, "Ó ń lọlẹ̀, Màámi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ ohun tí mo ṣe. Bó bá gbádùn tán, n ó sọ ọ́, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó dá a sílẹ̀ náà ló tún un ṣe.

Àjọkẹ́ kò fẹ́ràn ohun tó ń kọ. Mo rí i ní ojú ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Ilé epo kì í tì ní Àbámẹ́ta, Ayọ̀kúnmi lọ síṣẹ́. Ààbọ̀ fídà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọmọ sùn látàárọ̀. Bàbá ẹ̀ wọlé, ó wò ó, ó ní, "Ara ẹ̀ ti ń balẹ̀, Màmá." Ọlọ́runyọmí ni bàbá ọmọ. Adákẹ́ ni mò ń pè é nínú ara mi. Gbólóhùn márùn-ún máa ń tó o fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ti gbọ́ ọ̀kan lónìí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta

A kò dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ayọ̀kúnmi ló kọ́kọ́ figbe ta. Ìlédìí tó dè é ní àná, gbígbẹ ló wà títí oòrùn fi yọ. Ọmọ ń ké, omijé kò jáde. Mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, inú ẹnu ẹ̀ gbẹ bí aṣọ. Mo fa awọ ikùn ẹ̀ sókè, mo fi í sílẹ̀, kò padà, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ibi tí èèyàn ká aṣọ sí. Àwùjẹ̀ ti jìn wọlé.

Adákẹ́ kò wọ bàtà. Bó ṣe gbé e sáré jáde nìyẹn.

Wọ́n wá iṣan títí, kò sí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí ọ̀kan fi omi sí. Wọ́n pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá láti ilé ẹ̀. Ó ní ta ló ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án. Mo ní èmi ni. Ó ní kí ló ń mu. Mo ní gbogbo ohun tó bá mu ló ń bì.

Irọ́ ni. Ayọ̀kúnmi ń wolẹ̀. Mo ti dàgbà kọjá kí n máa purọ́ fún ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ. Mo pa irọ́ náà síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Mo wálé wá wẹ̀, ni mo fi ráyè pe Àjọkẹ́. Kó má kánjú. Ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ọmọ ti lajú. Ó ti tọ̀. Bí omi ṣe ń padà sí i lára ni àwùjẹ̀ tún ń le. Nígbà tó di àárọ̀ àná, ó ti yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kí òun fa díẹ̀ jáde kó lè rọ̀ fún un. Wọ́n ní ká jáde. Ayọ̀kúnmi jáde. Èmi kò jáde, wọn kò sì lágbára láti tì mí. Ó gún abẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ àwùjẹ̀ wọlé. Mo rò pé ohun tí n ó rí á jọ ọyún, tàbí omi ìdọ̀tí. Omi tó jáde mọ́ lóló. Èèyàn lè bù ú mu. Mi ò rí omi tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí ní Ìsọlọ̀.

Ìgbà tó ṣe tán, mo bi í. Mo ní, "Dókítà, omi orí ọmọ yìí, ṣé èyí tó ń mu ni?"

Ó ní rárá.

Mo ní tí ẹnì kan bá wá fún un lómi mu, lámujù ńkọ́.

Ó ní, "Màmá, bí ẹ bá tiẹ̀ bu gbogbo ọ̀sà fún un, ikùn ló ń lọ, á sì tọ̀ ọ́." Ó ní ìdí tí wọ́n fi ní ká má fún ọmọ tuntun lómi yàtọ̀, ìgbẹ́ gbuuru àti ebi ni. Ó fa ìjókòó, ó jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya orí sínú ìwé. Mo ní kó má ṣe wàhálà, mi ò mọ̀wé. Ó ní, "Àwòrán ni, Màmá. Kì í ṣe ìwé."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyí. Inú ọpọlọ ní yàrá mẹ́rin. Nínú àwọn yàrá náà, ẹran jẹ́lẹ́ńkẹ́ kan wà lára ògiri, ó rí wúruwùru bí ṣàkì. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú ẹran náà kọjá, ẹran náà ń sẹ́ omi kúrò lára ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Omi yẹn ni mo rí. Tọ̀sán tòru ló ń sun. Ó ní ti àgbàlagbà bí èmi tó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan lójúmọ́. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni, ti ọmọdé ló kéré sí i. Ṣùgbọ́n orí kì í gba ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá náà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà bó ṣe ń sun ló gbọ́dọ̀ máa lọ. Ó ń ti yàrá bọ́ sí yàrá, ó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan, ó ń jáde lápá ìpàkọ́. Á yí ọpọlọ ká, kí ọpọlọ lè léfòó nínú ẹ̀, kó má máa gbá eegun. Á sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Á tún gòkè wá sí àtàrí. Àtàrí ni àwọn ẹnu wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n ń mu ún padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ibi tó ti wá náà ló ń padà sí.

Ti Ọkọ mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró yẹn ló dí. Ó lè jẹ́ látinú oyún. Omi ń sun, kò rọ́nà lọ, yàrá ń fẹ̀, ọpọlọ ń fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ eegun.

Mo ní, "Bí a bá wá jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́?"

Ó ní, "Gbogbo ara ló máa gbẹ, Màmá. Ibẹ̀ á ṣì máa sun. Ọmọ á ti kú kí ibẹ̀ tó dákẹ́." Ó wá wò mí. Ó ní, "Kí ló dé?"

Mo ní kò sí.

Ó tún sọ pé ó ń ya òun lẹ́nu, pé èébì nìkan kì í sábà sọ ọmọ dà báyìí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èmi náà rò ó. Ààbọ̀ ni mo fún un, mi ò gbà á tán. Ọmú ìyá ẹ̀ sì wà fún un bó bá dé. Mo rò pé ìyẹn á gbé e ró. Kò gbé e.

Omi tí mo fún un kò ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tí mo gbà lẹ́nu ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Mo ní kí Àjọkẹ́ kà á padà. Ó kà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Wọ́n ní iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti dàrú nígbà tó gbẹ. Kíndìnrín ẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò. Ibà wà, àyà ń ṣe é. Wọn kò lè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní oògùn oorun tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ kẹtàdínlógún kò ṣeé ṣe mọ́.

Mo ní ìgbà wo ni. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí ara ẹ̀ kọ́kọ́ yá ná. Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà pọ̀."

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta

Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wọlé.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹta

Adákẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ojú bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù ni. Ó ní kí Ayọ̀kúnmi sọ fún òun irú ìyá tó ń ta epo fún mọ́tò nígbà tí ọmọ ẹ̀ ń gbẹ nílé. Ó ní òun ti sọ ọ́, kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kò gbọ́. Ó ní, "Fídà, fídà, fídà. Ṣé fídà ló bí i?" Ó ní ọjọ́ kẹtàdínlógún ti lọ, bí nǹkan bá ṣe ọmọ òun, kó mọ ẹni tí òun máa bi.

Ayọ̀kúnmi kò fèsì. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo mọ ọmọ mi, ẹnu ẹ̀ kì í kú. Láti kékeré ló ti ń fèsì fún mi títí tí mo fi ń wá igi. Mo ní sùúrù ni Ọlọ́run fún un.

Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àpò ìlédìí wà lórí itan mi. Adákẹ́ yíjú sí mi lẹ́yìn náà, ó ní, "Ẹ máa bínú, Màmá. Ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ ń ṣe wàhálà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kẹta

Èmi àti Àjọkẹ́ jà.

Ó ní kí n sọ fún ọmọ mi. Mo ní n ó sọ. Ó ní ìgbà wo. Mo ní tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ tán. Ó ní, "Màmá, wọ́n ń fi ẹ̀sùn yín na ọmọ yín lójú yín, ẹ̀ ń wò ó." Mo ní kí ló kàn án, akọ̀wé ni mo pè é, mi ò pè é ní adájọ́. Ó ní ó dáa. Ó ní òun á kọ ti òní tán, òun kò ní kọ òmíràn.

Kọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kẹta

Àjọkẹ́ ti padà wá. Ó kàn mú bírò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí ìwé: ojú. Dúdú ojú ẹ̀ ti wọ̀ sísàlẹ̀, funfun ló kù lókè, bí ẹni ń wo àyà ara ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá na fìlà pupa sókè, á bá a lọ sọ́tùn-ún, á bá a lọ sósì, á wá rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ Àìkú mo na fìlà náà títí apá fi ń ro mí.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀. Ó ní kò ṣeé máa ṣe lójoojúmọ́, kòkòrò lè bá a wọlé. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kẹta

Mi ò ní fìlà tó lè wọ̀ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹta

Ìtúnu ààwẹ̀ ló kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ìjọba ti fún ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun ní ìsinmi. Wọn kò ní ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti kíákíá. Mo ní ti tiwa wá jẹ́ ti kí ni. Nọ́ọ̀sì ní, "Ọjọ́rú làárọ̀ kùtù, Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú."

Gbogbo ayé lè sinmi. Omi orí ọmọ yẹn kò mọ Ajé, kò mọ Ìṣẹ́gun.

Mò ń ka ọjọ́ sórí ìka. Láti ọjọ́ kẹtàdínlógún sí ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo jẹ mọ́ ọmọ yẹn lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Kẹrin

Wọ́n ti ṣe é.

Aago mẹ́jọ ni wọ́n gbé e wọlé, nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí ni wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ti fá gbogbo orí ẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ìka tọ́ ọ̀nà rọ́bà náà hàn mí: láti inú yàrá orí, ó gba abẹ́ awọ lẹ́yìn etí, ó gba ọrùn, ó gba àyà, ó wọ inú ikùn. Ó ní inú ikùn ló máa dà sí, ara á mu ún níbẹ̀, á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà àtọwọ́dá, ó ní. Bí ó bá ń dàgbà, rọ́bà tí wọ́n ká síbẹ̀ á máa tú nínú ikùn. Bó bá dí, ká máa sáré bọ̀.

Àwùjẹ̀ rọ̀. Kò jìn, kò yọ. Bó ṣe yẹ kó rí.

Adákẹ́ dojú kọ ògiri, ó ń fi apá aṣọ nu ojú. Ayọ̀kúnmi fi ọmú sí i lẹ́nu, ó mu. Mo wò ó bó ṣe ń gbé e mì.

Mi ò tíì sọ ọ́. Àjọkẹ́ kò bi mí. Ó kọ èyí tán, ó pa ìwé dé.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹrin

Dókítà ojú wá, obìnrin kan tí ohùn ẹ̀ kéré. Ó tan iná sí ojú ọ̀tún. Ó tan án sí òsì. Ó gbé nǹkan aláwọ̀ mèremère síwájú ọmọ, ó gbé e kọjá, ó gbé e padà. Ọmọ ń wo òrùlé.

Ayọ̀kúnmi ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kò sùn dáadáa."

Obìnrin náà ní iṣan tó ń ti ojú lọ sí ọpọlọ ni omi náà fún mọ́lẹ̀, ó sì ti pẹ́ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ó ní iṣan náà ti funfun. Ó ní ó lè mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn bó bá yá. Kó má jẹ́ pé òun ń tàn wá, pé ọmọ náà á rí ojú wa, òun kò lè ṣèlérí ẹ̀.

Adákẹ́ ní bí wọ́n bá ṣe é ní ọjọ́ kẹtàdínlógún ńkọ́. Ó ní, "Sà, kò sẹ́ni tó lè sọ. Bó bá jẹ́ pé ó yá díẹ̀ sí i ni, ìbá sàn." Adákẹ́ yíjú sí ìyàwó ẹ̀. Ó jáde.

Ayọ̀kúnmi ní, "Èmi ni mo fọ́ ọ lójú." Obìnrin náà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi tún un sọ.

Mo wà níbẹ̀. Ẹnu mi wà lára mi.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Àjọkẹ́, kọ gbogbo ẹ̀. Má fo nǹkan kan.

Àná ni a délé. Lówùúrọ̀ yìí, lẹ́yìn tí Adákẹ́ ti lọ síṣẹ́, mo di ẹrù mi sínú báàgì, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kó má jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá lé mi ni mo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá aṣọ. Mo wọlé. Ayọ̀kúnmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Èmi kò jókòó.

Mo ní, "Ọmú tó ò ń fún sílẹ̀, ààbọ̀ ẹ̀ ni mò ń fún un. Mò ń da ìyókù sí gọ́tà. Ọjọ́ mẹ́rin. Mo rò pé omi orí ẹ̀ á gbẹ. Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni."

Ó ń wo ọmọ. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní kí ló mọ̀.

Ó ní, "Ọjọ́rú tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo rí i létí gọ́tà, funfun, èèrà ti bò ó. Mo mọ ọmú ara mi, Màámi."

Mo ní kí ló dé tí kò dá mi dúró.

Ó ní, "Dókítà ní omi ló kún orí ẹ̀. Mo rò pé ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe. Ẹ ti tọ́ ọmọ mẹ́rin." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́. "Èmi náà kò fún un. Bó bá jí lóru, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí i. Bàbá ẹ̀ á ní kí ló ń ṣe é, n ó ní mo ti fún un, kò gbà á ni. Ìgbà tí ẹ gbé ìka mi sí àwùjẹ̀ ẹ̀ tó rọ̀, inú mi dùn. Mo ní a ti ń rí i ṣe."

Mo wá jókòó.

Ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀ bú u lórí bẹ́ǹṣì tí kò fèsì, mo ní sùúrù ni. Kì í ṣe sùúrù. Ó gbà pé òótọ́ ni.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún bàbá ẹ̀."

Mi ò tíì dá a lóhùn. Báàgì mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Aago mẹ́fà ni ọkùnrin náà máa wọlé, á bọ́ bàtà, á ní, "Màmá, ẹ kú ilé," á wá wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ Ajé.

Ọmú kan ti tán. Ó gbé ọmọ sí ìkejì. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá ti rí i ló máa ń yanu. Lónìí ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń fi imú wá a lára ìyá ẹ̀. Àwa méjèèjì ń wò ó. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́ títí ó fi rí i fúnra ẹ̀.